Ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa bí wọ́n ṣe ń ka ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ẹ yéé ní kí wọ́n máa kíráàmù 1:5

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá bí ẹ ṣe ń fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ nínú ìwé ìròyìn yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ó lè kọ́kọ́ dà bíi pé ti àwa tíṣà kẹ́mísírì nìkan ni, àmọ́ gbogbo òbí tó bá lọ́mọ ní SS2 tàbí SS3 tó ń ṣe sáyẹ́ǹsì lọ̀rọ̀ yìí kàn, torí owó tí ẹ̀ ń san fún lẹ́sìnnì ló ń bá a lọ. Ọ̀rọ̀ mole ratio ni (mole ni òṣùwọ̀n tí à ń fi ka bí kẹ́míkà ṣe pọ̀ tó), pàápàá nínú titration tí wọ́n ń pè ní redox (ibi tí kẹ́míkà kan ti ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹ̀yà kékeré inú átọ́ọ̀mù, lọ́wọ́ òmíràn), èyí tí WAEC àti NECO máa ń gbé wá nínú practical.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ọmọ wa mọ nọ́ńbà náà, wọn ò mọ ibi tó ti wá. Ẹ pe ọmọ SS3 kan, ẹ bi í pé permanganate (kẹ́míkà elésè àlùkò tó ní mángánísì nínú) pẹ̀lú iron(II) (irin tó ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì), mélòó sí mélòó ni ratio wọn, kíá ló máa dá yín lóhùn pé "one is to five, sà". Ẹ wá bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ márùn-ún, kí ló dé tí kì í ṣe mẹ́ta tàbí mẹ́fà, á kàn máa wò yín lójú ni. Ọmọ yẹn ò ya òpè o. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Wọ́n kọ ratio sójú bọ́ọ̀dù bíi nọ́ńbà fóònù, wọ́n ní kó há a sórí, ó sì há a.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn òbí tí wọn ò ṣe sáyẹ́ǹsì, kó má di pé àwa tíṣà ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Nínú titration, omi kẹ́míkà kan máa wà nínú burette, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì gígùn tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, tó ní ẹnu ẹ̀rọ kékeré nísàlẹ̀ bíi ti omi ẹ̀rọ. Omi kejì máa wà nínú flask, pipette ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n síbẹ̀, 20 cm³ tàbí 25 cm³ gẹ́lẹ́. Ọmọ á máa ṣí ẹnu burette díẹ̀díẹ̀, á máa mi flask, títí àwọ̀ omi inú rẹ̀ á fi yí padà. Tó bá ti yí padà báyìí, kó tì í pa, kó wo iye tó ti jáde nínú burette. Láti ibẹ̀ ló ti máa ṣírò bí nǹkan tó wà nínú flask ṣe pọ̀ tó. Ìṣirò yẹn ò lè bọ́ sí i láéláé àfi tó bá mọ̀ pé mole mélòó nínú ti burette ló ń bá mole mélòó nínú ti flask ṣiṣẹ́. Gbogbo ohun tó ń jẹ́ mole ratio ò jùyẹn lọ.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ásíìdì àti alkali làwọn ọmọ kọ́kọ́ ń kọ́, HCl pẹ̀lú NaOH, ẹyọ kan sí ẹyọ kan, ó sì rọrùn, ó ti mọ́ wọn lára, fọ́múlà CAVA/CBVB = nA/nB (C ni iye mole nínú lítà kan, ìyẹn mol/dm³, V ni ìwọ̀n omi, n ni iye mole inú equation) ti wà lórí ahọ́n wọn, wọ́n sì ti so ó mọ́ 1/1 débi pé tí wọ́n bá dé orí redox, ọwọ́ wọn á kàn kọ 1/1 fúnra rẹ̀. Mo rí ọmọbìnrin kan tó já fáfá gan-an tó ṣe é báyìí. Ìbéèrè yẹn gan-an ti kọ equation fún un, torí WAEC sábà máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìbéèrè, 5Fe²⁺, ìyẹn iron(II) márùn-ún, wà níbẹ̀ gbangba gbàǹgbà. Ọmọ yìí ka burette rẹ̀ dáadáa, 24.50, 24.40, 24.60, ó fi decimal méjì sí gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, average rẹ̀ jẹ́ 24.50 cm³. Permanganate tó wà nínú burette jẹ́ 0.02 mol/dm³, iron(II) tó wà nínú flask jẹ́ 25 cm³. Ó wá fi 1/1 sínú fọ́múlà, ó rí 0.0196 mol/dm³, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, ó gbé e wá fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ẹ wo ohun tó yẹ kó ṣe. 0.02 lọ́nà 24.50, ká pín in sí 1000, ó di 0.00049 mole permanganate. Mole kan permanganate ń mú mole márùn-ún iron(II), torí náà iron tó wà nínú flask jẹ́ 0.00049 lọ́nà márùn-ún, ìyẹn 0.00245 mole. Inú 25 cm³ nìyẹn wà, nínú 1000 cm³ á jẹ́ 0.098 mol/dm³. Tí ẹ bá sọ ọ́ di gíráàmù irin, ẹ fi 56, ìyẹn gíráàmù inú mole irin kan, lọ́nà rẹ̀, ó di nǹkan bíi 5.49 g nínú lítà kan. Ti ọmọbìnrin yẹn ń sọ pé gíráàmù kan lé díẹ̀ péré ló wà níbẹ̀. Ìlọ́po márùn-ún ni ìyàtọ̀ yẹn, pẹ̀lú gbogbo bó ṣe fara balẹ̀ ka burette tó.

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe lè kọ́ ọmọ yìí tí kò fi ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́? Kì í ṣe ká tún pariwo "one is to five" mọ́ ọn létí. Ká jẹ́ kó ka ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa ní kí wọ́n ka oxidation number (iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí a kà sí pé átọ́ọ̀mù ti pàdánù) mángánísì tó wà nínú permanganate fúnra wọn. Ókísíjìn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ −2, gbogbo rẹ̀ −8. Ìdì náà lápapọ̀ jẹ́ −1. A jẹ́ pé mángánísì gbọ́dọ̀ jẹ́ +7 kí ìṣirò tó lè dọ́gba. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí nínú ásíìdì, ó ti di Mn²⁺, +2. Láti orí 7 wá sórí 2, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù márùn-ún ló gbà wọlé. Lẹ́yìn náà mo máa ní kí wọ́n fojú inú wo mọ́tò tó ní síìtì èrò márùn-ún, tí dẹ́rẹ́bà ò ní gbéra àfi tó bá kún. Permanganate nínú ásíìdì ni mọ́tò yẹn. Iron(II) ní tiẹ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló ń fi sílẹ̀ kó tó di iron(III), èrò kan ló ń mú wá. Mọ́tò kan, iron márùn-ún. Ó parí. Kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ kíráàmù níbẹ̀ mọ́.

Ẹ wá gbé oxalate wá, kẹ́míkà mìíràn tí permanganate máa ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ló ń fi sílẹ̀ kó tó di carbon dioxide, tọkọtaya ni, wọn kì í wọ mọ́tò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Síìtì márùn-ún ò sì ṣe é pín fún tọkọtaya, ẹnì kan á ṣẹ́ kù síta. Ó di ká wá mọ́tò méjì, síìtì mẹ́wàá, tọkọtaya márùn-ún. 2:5 nìyẹn. Ọmọ tó bá ti ka èyí fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé dichromate, tí òun náà ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bíi permanganate, fún un, kò ní bẹ̀rù: chromium méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ti +6 bọ̀ wá sí +3, mẹ́ta mẹ́ta, mẹ́fà lápapọ̀, iron mẹ́fà ló máa gbé. Ẹ ò kọ́ ọ rí, ó ṣe é.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí dáadáa, torí ibẹ̀ ni kíráàmù ti máa ń dójú ti ọmọ. Márùn-ún yẹn kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n dá mọ́ permanganate. Tí ásíìdì inú flask ò bá tó, mángánísì ò ní dé orí +2, orí +4 ló máa dúró sí, á di manganese dioxide, ẹ ó sì fojú yín rí i, omi á dọ̀tí, á pọ́n bí ìgbà tí wọ́n po amọ̀ pupa sómi. Láti 7 wá sí 4, mẹ́ta ni. Ratio ti yí padà di 1:3 ní ojú yín níbẹ̀, ọmọ sì ń fi 1:5 ṣírò lọ. Tí ẹ bá sì wá lọ ṣe é nínú alkali tó le gan-an, ó lè dúró sí orí +6, àwọ̀ rẹ̀ á di ewéko, ẹyọ kan péré ló gbà. Kẹ́míkà kan náà o, márùn-ún, mẹ́ta, ọ̀kan. Ìdí rèé tí a fi ń da sulphuric acid sí i dáadáa ká tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé ara ètò lásán ni ásíìdì yẹn, wọ́n á kàn da díẹ̀ sí i, àwọn mìíràn á gbàgbé ẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, tí a bá ti kọ́ wọn pé ásíìdì ló ń jẹ́ kí mọ́tò ní síìtì márùn-ún, ta ló máa gbàgbé?

Kó má sì lọ mú HCl dípò rẹ̀ o, torí pé òun ló wà nítòsí. Permanganate máa ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ chloride náà, chlorine á máa jáde, burette á lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọmọ á sì rò pé irin ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nitric acid náà ò dáa, òun fúnra rẹ̀ ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ iron.

Ohun kan tó dùn mọ́ mi nínú permanganate ni pé kò nílò indicator, ìyẹn kẹ́míkà tí wọ́n ń kán sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè fi hàn pé iṣẹ́ ti parí. Àwọ̀ elésè àlùkò rẹ̀ á máa pòórá bó ṣe ń kán sínú flask, bí ìgbà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, títí iron á fi tán, ẹ̀kán kan péré tó bá wá lé lórí rẹ̀, gbogbo flask á di pinki fẹ́ẹ́rẹ́, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Láti 1846 tí Frédéric Margueritte ti fi ṣe é ní ilẹ̀ Faransé láti wọn irin, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí títí dòní. Torí pé àwọ̀ rẹ̀ ṣú, òkè omi nínú burette ni kí ọmọ máa kà, kì í ṣe ìsàlẹ̀ ibi tí ojú omi ti tẹ̀ wọnú bíi ti àwọn omi tó mọ́.

Òbí kan lè máa sọ pé tíṣà, gbogbo èyí, kí ló kàn mí, kí ọmọ mi ṣáà yege. Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ ilé ìdáná. Iyọ̀ tí à ń jẹ, potassium iodate ni wọ́n ń fi sí i kí ayodíìnì lè wọ oúnjẹ wa, torí àìtó ayodíìnì ló máa ń fa gẹ̀gẹ̀, ó sì máa ń ṣe ìpalára fún ọpọlọ ọmọ tó wà nínú oyún. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ tó wà nínú ilé má dín ní 15 mg ayodíìnì nínú kílò kan. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ó pé? Titration ni. Wọ́n á po iyọ̀ 10 g sómi, wọ́n á fi ásíìdì sí i, wọ́n á da potassium iodide sí i, iodate á sọ ọ́ di ayodíìnì tó pọ́n bí omi tíì, wọ́n á wá fi thiosulphate tí inú burette pa á rẹ́. Tó bá ti kù díẹ̀ kó tán, tó ti di yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á kán sítáàṣì sí i, á dúdú mọ́ búlúù, ẹ̀kán díẹ̀ sí i, á mọ́ gaara. Sítáàṣì yẹn kò gbọ́dọ̀ yá jù o, tí ayodíìnì bá ṣì pọ̀, ó máa dì mọ́ ọn, kò ní tètè fi í sílẹ̀.

Ratio ibẹ̀ ńkọ́? Iodate kan ń bá iodide márùn-ún ṣiṣẹ́, ayodíìnì I₂ mẹ́ta ló ń jáde, I₂ kọ̀ọ̀kan ń gba thiosulphate méjì. Iodate kan, thiosulphate mẹ́fà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé thiosulphate jẹ́ 0.005 mol/dm³, 2.8 cm³ ló sì jáde. 0.000014 mole thiosulphate nìyẹn, ẹ pín in sí mẹ́fà, ẹ fi 127, ìyẹn gíráàmù inú mole átọ́ọ̀mù ayodíìnì kan, lọ́nà rẹ̀, ẹ gbé e dé orí kílò kan, ó di nǹkan bíi 29.6 mg. Iyọ̀ yẹn dáa. Àmọ́ ẹni tó bá há a sórí pé "iodine sí thiosulphate, one is to two" tó sì dúró síbẹ̀, tí kò rántí pé márùn-ún nínú mẹ́fà ayodíìnì yẹn òun fúnra rẹ̀ ló dà á sínú flask, á sọ pé 178 mg ló wà nínú kílò. Ẹ wá yí i padà: iyọ̀ tí ò ní ju 5 mg lọ, irú ẹni bẹ́ẹ̀ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé 30 mg ni, á fọwọ́ sí i, wọ́n á gbé e wọ ọjà, aláboyún á rà á. Ọmọ SS3 tí a ń bá wí lónìí, òun ló máa wà nídìí burette yẹn lọ́la, ní ilé iṣẹ́ tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba. Ọ̀rọ̀ máàkì nìkan kọ́.

Ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé lábù ò sí, kẹ́míkà wọ́n. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Mo mọ ilé ìwé tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tí practical máa wáyé ni wọ́n ń ko burette jáde nínú páálí, ẹlòmíràn nínú àwọn ọmọ yẹn ò tíì fọwọ́ kàn án rí, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń tì í pa. Owó practical ni àwọn òbí wọn sì ń san láti SS1. Ìyẹn burú, ó burú jáì. Àmọ́ kíka ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ò náni ní kọ́bọ̀, ṣọ́ọ̀kì ló ń fẹ́. Tí burette bá sì wà, ẹyọ kan péré, ẹ̀yin tíṣà ẹ lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aláboyún ní kẹ́míìsì, ferrous sulphate 200 mg. Nǹkan bíi 65 mg irin ló máa ń wà nínú ẹyọ kan. Ẹ fi omi wẹ àwọ̀ ìta rẹ̀ kúrò, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ pò ó mọ́ sulphuric acid tó ti lómi dáadáa, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó pé 100 cm³, ẹ fi pipette mú 25 cm³ níbẹ̀, ẹ fi permanganate 0.005 mol/dm³ ṣe titration rẹ̀. Tí irin rẹ̀ bá pé, titre á sún mọ́ 11.6 cm³. Ẹ ní káwọn ọmọ ṣírò rẹ̀ kí wọ́n fi wé ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn. Ẹni tó bá lo 1/1 á rí 13 mg, á ní oògùn yẹn ò dáa, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó lo márùn-ún á rí 65, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jiyàn náà, ẹ má dá sí i, ẹ kàn ní kí oníkálukú wá ka ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tiẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù.

Ẹ má sì bẹ̀rù láti fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ nínú kíláàsì. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ náà ò sì kẹ́yìn àwọn tó fi òyìnbó kọ́ ọ. Òyìnbó ni wọ́n máa fi kọ WAEC, mo mọ̀, àmọ́ kí ó kọ́kọ́ yé wọn ná.

Fún àwọn ọmọ tó bá ń ka lẹ́tà yìí, ohun kan ni kẹ́ ẹ máa ṣe kẹ́ ẹ tó fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn yín. Ẹ bi ara yín pé, nínú méjèèjì yìí, mole èwo ló yẹ kó pọ̀ jù? Permanganate pẹ̀lú iron, mole iron gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ti permanganate lọ nígbàkigbà. Tó bá jẹ́ pé permanganate ló pọ̀ jù nínú ìṣirò yín, ẹ ti dojú ratio dé, nA ti bọ́ síbi nB. Ìbéèrè náà lè pe tinú burette ní A, ó sì lè pè é ní B tàbí C, ẹ má wo lẹ́tà, ẹ wo equation.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ni pé kí wọ́n máa fi ìbéèrè kékeré kan kún practical yìí, máàkì méjì péré: fi half equation méjèèjì (èyí tó ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan gbà tàbí fi sílẹ̀ hàn) hàn, kí o sì sọ ìdí tí ratio rẹ̀ fi jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ìbéèrè yẹn bá ti ń wá lọ́dọọdún, gbogbo tíṣà ló máa kọ́ ọ, kò sí ẹni tí wọ́n máa bẹ̀. Ẹ̀yin òbí náà, tẹ́ ẹ bá lọ sí ìpàdé PTA tó ń bọ̀, ẹ bi wọ́n pé burette mélòó ló wà ní lábù, àti pé láti ìgbà wo ni ọmọ yín ti fọwọ́ kàn án.

Èmi ni yín ní tòótọ́,
Tíṣà kẹ́mísírì kan, Ìbàdàn